Bí ẹ ṣe lè rí owó pàjáwìrì gbà fún ológbò pọ́ńbélé tó wà nínú ewu ní Ìlú Ọba

Ẹ má tíì fi káàdì yín sanwó. Ẹ kọ́kọ́ pe fóònù. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ranni lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ológbò ní Ìlú Ọba kì í san gbèsè tí èèyàn ti dá sílẹ̀ kó tó kàn sí wọn. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ṣáájú, wọ́n sì fẹ́ san owó wọn tààrà fún ilé ìwòsàn. Ẹni tó ti san gbogbo owó tán kó tó máa wá olùrànlọ́wọ́, ó ṣòro kó rí kọ́bọ̀ gbà padà. Ẹni tó pè ṣáájú, tó ní ìwé lọ́wọ́, tó sì mọ iye tó ń wá gan-an, ó máa ń rí ẹni dá a lóhùn.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn èèyàn wa tó bá ara wọn nídìí ọ̀rọ̀ ológbò pọ́ńbélé, ìyẹn èyí tí ìran rẹ̀ kò lábùlà, bíi Persian, Siamese, Bengal, Maine Coon, British Shorthair tàbí Sphynx tó wà nínú ìṣòro. Iye tí wọ́n fi ra irú ológbò bẹ́ẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Gbogbo ayé á gbà pé olówó ló ni ín, olówó yẹn á sì tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ olówó náà lè ti kú. Onílé lè ti ní òun ò fẹ́ ẹran nínú ilé òun. Ẹni tó ń sin wọ́n tà lè ti ní àrùn rọpárọsẹ̀, kí ológbò méjìlá wà nínú ilé láìsí ẹni tí yóò bomi fún wọn. Àwọn èèyàn wa sì pọ̀ nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní London, Manchester àti Leeds. Àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti gbé Màmá tí àwọn ń tọ́jú lọ sí ọsíbítù, tí Persian Màmá sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìjẹta tí kò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ irú ológbò yẹn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀.

Wákàtí àkọ́kọ́: ẹ wo ẹran náà kí ẹ tó wo owó

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Akọ ológbò tó ń wọ inú àwo ìgbẹ́ rẹ̀ tó ń jáde, tó ń tiraka, tó ń ké, tí ìtọ̀ kan ò sì já bọ́, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló ti dí. Ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tó ń la ẹnu mí náà kò gbọdọ̀ dúró, tàbí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ṣàdédé rọ tó sì tutù. Àrùn ọkàn tó ń fa irú ẹsẹ̀ rírọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìdílé Maine Coon àti Ragdoll. Ológbò tó bá jẹ òdòdó lílì ń kú lọ, bó tilẹ̀ ń rìn káàkiri ilé.

Àìjẹun ni àwọn èèyàn máa ń fojú kékeré wò. Bí ológbò, pàápàá èyí tó sanra, bá fi ọjọ́ mélòó kan wà láìjẹun, ọ̀rá á bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn yẹn á sì gba ẹ̀mí rẹ̀ bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má sì fún un ní Panadol láéláé: paracetamol máa ń pa ológbò, bó ti wù kó kéré tó.

Ní ti Persian tí ẹnikẹ́ni ò ya irun rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ ki ìka yín bọ abẹ́ apá rẹ̀, ẹ̀yìn etí, àti itan. Irun ibẹ̀ á ti dì mọ́ra di odidi, á sì máa fa awọ ara nígbàkúùgbà tó bá gbé ẹsẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, awọ á ti pọ́n, á máa ṣomi, ìdin sì lè ti wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ àsìkò ooru. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e. Awọ ológbò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń wọ inú irun tó dì, ẹ ó kàn gé e mọ́ ọn ni. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, lábẹ́ oògùn oorun.

Gbogbo dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba wà lábẹ́ ìlànà RCVS, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn, ìlànà náà sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò ìtọ́jú pàjáwìrì àti oògùn ìrora tọ̀sán-tòru. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, lórí fóònù, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ológbò yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn oògùn ìrora, ẹ sọ iye ohun gbogbo fún mi kí ẹ tó ṣe é." Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹran náà pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko: RSPCA ní England tàbí Wales, 0300 1234 999, tàbí Scottish SPCA ní Scotland, 03000 999 999. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n bá fún yín sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ẹni tí ẹ bá pè lẹ́yìn èyí á kọ́kọ́ béèrè, torí ó fi hàn pé ẹ kò dá ọ̀rọ̀ náà jókòó sọ.

Ta ló ni ín?

Ológbò jẹ́ dúkìá lábẹ́ òfin Theft Act 1968. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀ títí, kò sọ ọ́ di tiyín. Ilé ìwòsàn á yẹ ọrùn rẹ̀ wò bóyá ṣíìpù ìdánimọ̀ wà níbẹ̀. Ní England, láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin ní kí gbogbo ológbò tó ń gbélé ní ṣíìpù kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £500. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ tí kò ní, tàbí tí nọ́ńbà fóònù inú àkọsílẹ̀ ṣíìpù rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ta á lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ pe ẹni yẹn náà. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò san owó, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Bó bá jẹ́ pé Màmá ni wọ́n gbé lọ sí ọsíbítù, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú kò mọ̀. Abala 47 nínú Care Act 2014 sọ pé bí àgbàlagbà bá wọ ọsíbítù tàbí ilé ìtọ́jú ní England, tí kò sì sí ẹni tó lè dáàbò bo dúkìá rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹran ọ̀sìn wà lára dúkìá yẹn. Wọ́n lè gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹran lẹ́yìn, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ebi ò pa á. Ẹ ní kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ pe ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà ní káńsù, kí ó sì dárúkọ abala yẹn. Mo ní kí ọ̀gá pè é, kì í ṣe ẹ̀yin, torí pé aṣírí oníbàárà wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé orúkọ Màmá, àdírẹ́sì rẹ̀ tàbí fọ́tò yàrá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ológbò. Iṣẹ́ yín lè bọ́ lórí ẹ̀, Màmá ò sì fún yín láṣẹ.

Bí Màmá bá mọ ohun tó ń ṣe, tó sì gbà pé òun kò lè tọ́jú ológbò náà mọ́, kó buwọ́ lùwé pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ti tó: orúkọ rẹ̀, àpèjúwe ológbò, nọ́ńbà ṣíìpù, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Bó bá ti kú, ẹni tó ń bójú tó ogún rẹ̀ ni yóò buwọ́ lù ú. Láìsí ìwé yìí, kò sí ẹgbẹ́ gidi kan tí yóò gba ológbò náà lọ́wọ́ yín, kò sì sí dókítà tí yóò fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ìwé iye owó

Ẹ ní kí dókítà kọ iye tó fojú bù sílẹ̀, kó sì pín in sí méjì: ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lónìí, àti ohun tó lè dúró. Olùrànlọ́wọ́ tí ẹ bá sọ fún pé "£1,400 ni" á wo ojú yín. Èyí tó rí i pé £480 ni tòní, tí ìyókù sì jẹ́ ti eyín tó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, ó mọ ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i pé ìran ológbò náà wà nínú ìwé, kì í ṣe nítorí àṣehàn. Nínú ìdílé British Shorthair, Devon Rex àti Birman, ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ oríṣi B. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ A sí irú ológbò bẹ́ẹ̀ lára láìṣàyẹ̀wò, ó lè pa á lójú ẹsẹ̀. Nínú Persian, àrùn kíndìnrín àjogúnbá kan wà tí àwọn àpò omi kéékèèké ń wú nínú kíndìnrín títí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú oògùn oorun kì í fi í ṣe owó àṣedànù. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí owó lè dínkù, ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Àìsàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí dáadáa: FIP, àrùn kan tí fáírọ́ọ̀sì ń fà lára ológbò. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ ológbò pọ́ńbélé tó wá láti ilé tí ológbò pọ̀ sí. Ikùn rẹ̀ á wú fún omi, ibà rẹ̀ ò ní lọ, á máa rù. Tẹ́lẹ̀, ikú ni. Àwọn dókítà kan tí kò tíì tọ́jú rẹ̀ rí ṣì máa ń dábàá pé kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Láti ọdún 2021, dókítà ní Ìlú Ọba lè fi remdesivir àti GS-441524 tọ́jú rẹ̀ láìrú òfin, ọ̀pọ̀ tó bá rí i lò ló sì ń yè. Owó rẹ̀ wọ́n, ìtọ́jú náà sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ FIP, ẹ béèrè nípa oògùn méjèèjì yìí kí ẹ tó gbà pé ó ti tán. Irú ẹjọ́ yìí ni ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ìran náà máa ń fẹ́ gbọ́ ní kíákíá.

Àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn, bó ṣe yẹ kí ẹ tẹ̀ lé e

Ẹ kọ́kọ́ wá ìnṣọ́ránsì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ọmọ ológbò pọ́ńbélé máa ń fi ìnṣọ́ránsì ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sínú ìwé tó bá ológbò lọ sílé, àwọn tó rà á sì máa ń gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì tuntun lónìí láti fi san àìsàn àná. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kì í sábà san owó àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó sin ín. Bí ìwé ìran bá wà, ẹ wo orúkọ gígùn tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú nínú orúkọ yẹn ni orúkọ ilé tí wọ́n ti bí i, GCCF, àjọ tó ń forúkọ ológbò sílẹ̀, sì lè bá yín fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni orúkọ náà. Asìnran tó níyì kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ tí wọ́n bí nílé òun ń jìyà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn á gbà á padà, ìgbàkúùgbà tó bá jẹ́. Mo gbà pé ìpè yìí ló ń so èso jù lọ, òun sì ni àwọn èèyàn kì í rántí.

GCCF yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ni àgbà àjọ tó ń forúkọ ológbò pọ́ńbélé sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹnì kan tó ń mójú tó àwọn tó wà nínú ìṣòro, àti àpò owó kékeré tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá sí, bí a ṣe ń dá àjọ. Owó náà kì í pọ̀, àmọ́ ó máa ń yá, ẹni tó ń gbé fóònù sì mọ ìran yẹn dénú. Ó mọ ẹni tó lè gba Siamese méjì tí a kò gbọ́dọ̀ ya ara wọn, ó mọ dókítà tó ti tọ́jú FIP. Ẹ má bínú bí ó bá béèrè ìbéèrè púpọ̀: ó fẹ́ mọ̀ dájú pé ìran àwọn ni, àti pé owó náà kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ẹran ṣòwò. Bí kò bá sí ìwé ìran, ẹ fi fọ́tò ojú, ẹ̀gbẹ́ àti ìrù ránṣẹ́. Wọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Bí ẹni tó ni ẹran bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit, ẹ lọ sọ́dọ̀ PDSA àti Blue Cross, ẹgbẹ́ aláàánú méjì tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Dickin ló dá PDSA sílẹ̀ ní Whitechapel ní 1917, nítorí ẹran ọ̀sìn àwọn tálákà. Wọ́n á wo postcode àti ìwé owó ìrànwọ́, orúkọ ẹni tó ni ẹran sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé náà. Ẹ̀yin tí ẹ kàn gbé ológbò wá kò lè fi owó ìrànwọ́ tiyín gba ìtọ́jú fún ẹran ẹlòmíràn. Cats Protection, ẹgbẹ́ aláàánú fún ológbò, ní tiwọn máa ń ranni lọ́wọ́ lórí owó títẹ̀ lọ́dàá. Ètò wọn tó ń jẹ́ Lifeline sì ń bá ẹni tó ń sá fún ìwà ipá nínú ilé gba ológbò rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi rí ibi fìdí sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin inú ìjọ yín àti ẹgbẹ́ yín mọ̀ nípa rẹ̀, torí àwọn kan wà tí kò kúrò nílé nítorí ẹran wọn nìkan.

Kí ẹ tó yá owó, ẹ bi ilé ìwòsàn bóyá wọ́n lè gbà á díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í polongo rẹ̀. Ìkówójọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn ìkẹyìn. Kì í ṣe pé ó burú, àmọ́ ó lọ́ra, ó sì máa ń fa àwọn tó fẹ́ gba Bengal lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè máa fi bímọ.

Ohun tí ẹ ó kọ

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, kó má sì ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má sọ̀tàn ẹkún. Àpẹẹrẹ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí:

"Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ni mí ní Croydon. Abo Persian kan, ọmọ ọdún bíi mẹ́sàn-án, wà nílé ìwòsàn ẹranko láti àárọ̀ yìí. Ẹni tó ni ín wà ní ọsíbítù, ó sì ti buwọ́ lùwé pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Irun rẹ̀ ti dì, awọ ara rẹ̀ ti bó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn oorun, fífá irun àti oògùn kòkòrò jẹ́ £480. A ti rí £150. £330 ló kù, dókítà sì fẹ́ ṣe é ní ọ̀sán ọ̀la. Mo fi ìwé iye owó, ìwé ìyọ̀ǹda, nọ́ńbà ṣíìpù àti fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ san án fún, nọ́ńbà wọn nìyí."

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó kọ ọ́ ti ní £150 lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí i pé ẹ ti dá tiyín máa ń dá tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kàn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n á sì pín owó náà láàárín ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ pé ó gba £330 lọ́nà mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ á dé ibi gbogbo kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ológbò tó bá gbé wá lọ́jọ́ mìíràn ló sì máa jìyà rẹ̀.

Kí ẹ̀yin náà yẹ ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ wò. Ní England àti Wales, ẹgbẹ́ aláàánú tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá kọjá £5,000 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, orúkọ rẹ̀ á sì wà lórí ìkànnì wọn. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lè gba 25p sí i lọ́dọ̀ ìjọba lórí £1 kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ Gift Aid, bí ẹni tó dá owó náà bá ń san owó orí tó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí àwọn ọ̀rẹ́ yín dá owó náà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ju kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àpò báńkì yín.

Bí ológbò bá pọ̀ nínú ilé kan

Ẹ má kó wọn wá sílé yín. Ilé asìnran tó ṣàìsàn lójijì lè ní ológbò méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá ní làpálàpá, pàápàá Persian, gbogbo wọn lè ti kó o, ọmọ yín náà sì lè kó o. Ẹ bu omi, ẹ bu oúnjẹ, ẹ ya fọ́tò ológbò kọ̀ọ̀kan níbi tó wà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ṣíìpù wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ní ẹ̀rọ ayẹ̀ṣíìpù bá dé. RSPCA àti ẹgbẹ́ ìran náà ni yóò pín wọn. Nínú ìṣirò owó, ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò FIV àti FeLV (fáírọ́ọ̀sì méjì tí ológbò ń kó ran ara wọn), ṣíìpù, àti títẹ̀ lọ́dàá fún ológbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ló máa ń gbé owó náà ga ju àìsàn tí ojú rí lọ.

Ẹnìkan á wá bá yín láàárín ọjọ́ méjì pé òun á ra abo méjì nínú wọn, owó gọbọi. Ẹ sọ pé rárá. Ẹni tó ń gba ológbò nínú ìṣòro kì í gba ìwé ìran mọ́ ọn, ẹran tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Ẹ gba rìsíìtì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá owó, pẹ̀lú fọ́tò kan lẹ́yìn ìtọ́jú. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi ṣe. Ẹ má pinnu rẹ̀ fúnra yín. Ẹ lọ yí orúkọ inú àkọsílẹ̀ ṣíìpù padà sí ti ẹni tó gba ológbò náà, torí ilé ìwòsàn kì í bá yín ṣe é. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ṣíìpù náà ni ẹ ó kọ̀wé sí, wọ́n á sì béèrè ìwé ìyọ̀ǹda tí Màmá buwọ́ lù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù.